Àpò Kọkànlá Lára Ẹ̀wù Ayàwòrán

Ilé wa,
Òyè-Èkìtì.

Káyọ̀dé ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìbàdàn gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀? Àwa níbí wà, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ ti padà sí ilé ìwé, káfíńtà sì ti kan òrùlé tí ìjì ṣí ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tí o fi rán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Inú mi dùn débi pé mo sunkún díẹ̀. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, iṣẹ́ tí bàbá rẹ fi kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìlú dé ìlú títí ó fi kú. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá ti mú lẹ́tà náà káàkiri àdúgbò, kì bá sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun ní àlàáfíà.

O ní kí n rán ẹ̀wù kan fún ọ, ẹ̀wù aláìlápá tó ní àpò púpọ̀, irú èyí tí o rí lára òyìnbó ayàwòrán kan tó wá sí ọ́fíìsì yín. O ya àwòrán rẹ̀ sínú lẹ́tà, o sì ka àpò rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. O ní ìyá rẹ nìkan ló lè rán an bó ṣe yẹ. Ìwọ ọmọ yìí, o mọ bí a ṣe ń tan ìyá ẹni.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà náà ti dé, n kò sì tíì fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo ti gé aṣọ náà, mo wá dáwọ́ dúró. Ìdí ni pé ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin kan wá ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá rẹ wá láti Ayédé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó ń sunkún. Kẹ́hìndé ni orúkọ rẹ̀. Ó yege ìdánwò àtiwọ ilé ìwé àwọn olùkọ́, wọ́n sì ní kí ó fi fọ́tò rẹ̀ méjì ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní àyè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, kámẹ́rà kankan kò ní wo ojú Kẹ́hìndé.

Káyọ̀dé, èmi ni mo fà á. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bàbá rẹ pàápàá kò mọ gbogbo rẹ̀ títí a fi sin ín. Irú ẹ̀wù tí o ní kí n rán fún ọ yìí gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà wá ibi jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á. N kò ní lè kọ irú lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ẹ̀wù náà, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí n kò bá dá ọ lóhùn, o ò ní gbọ́ ìyókù. Ẹ̀wù alápò wúlò fún ayàwòrán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá gbé báàgì kọ́ èjìká, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti wo inú kámẹ́rà ni báàgì a yí wá síwájú, a gbá a lọ́wọ́. Bí ó bá sì gbé báàgì sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á pín sí méjì, ìdajì ń wo ìyàwó, ìdajì ń ṣọ́ báàgì. Kò sí ẹni tí í gbàgbé ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ a máa gun àkàbà, a máa gun orí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a sì wà lára kámẹ́rà. Òyìnbó yín kò ṣìṣe. Ohun tó kù tí a ó wò ni iye àpò, ibi tí àpò wà, àti irú ẹni tó rán an.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún méje ni ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìkọ̀lé lo wà. Bàbá rẹ rí irú ẹ̀wù náà nínú ìwé àtijọ́ kan, ó mú un wá bá mi. Ó ní, "Àpò mẹ́rin ti tó mi. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní." Mo ní mọ́kànlá ni màá ṣe. Ṣé o mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Obìnrin aránṣọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Adó, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì tiwa, gbogbo àwọn ọ̀dọ́bìnrin Òyè sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ gbé iṣẹ́ mi sára káàkiri Èkìtì, kí àwọn ènìyàn máa bi í pé ta ló rán an. Kì í ṣe ìwúlò ọkọ mi ni mò ń rò, ìgbéraga lásán ni.

Ọdún Àjíǹde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Mo rán àpò mẹ́wàá pẹ̀lú máṣíìnì, mo rán wọn dáadáa. Èyí tó kù níbi ìbàdí òsì, àpò kọkànlá, mo kàn fi ọwọ́ gán ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé aránṣọ lo dàgbà sí, o mọ̀ pé gígán kì í ṣe rírán. Òwú tó jìnnà síra ni a fi ń di aṣọ mú, kí máṣíìnì tó gba orí rẹ̀. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ màá gba máṣíìnì lé e. Ilẹ̀ mọ́, àwọn akọrin dé, mo gbàgbé. Bàbá rẹ gbé ẹ̀wù wọ̀.

Àwọ̀ aṣọ náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kó wa sí wàhálà. Káàkí ni mo fi rán an, nítorí káàkí kì í tètè gbó. Ọjọ́ kìíní tó wọ̀ ọ́ jáde, Ààyè ló lọ, láti lọ ya ìdílé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílé. Bí ó ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò pẹ̀lú káàkí lọ́rùn, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù tó yọrí lápò àyà, ẹnì kan pariwo pé, "Wọlé-wọlé dé o!" Ìwọ náà mọ ohun tí ariwo yẹn máa ń dá sílẹ̀. Kíá, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí da omi ìkòkò nù nítorí tanwíjí, wọ́n ń gbá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń lé ewúrẹ́ jáde. Ìyá àgbàlagbà kan da odidi ìkòkò omi nù, omi tó fi orí ara rẹ̀ rù wá láti odò ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó gbọ́ pé fọ́tò ni ọkùnrin náà wá yà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo ṣe fún ọ?" ni ó wí. "Orúnkún ń dùn mí. Ta ni yóò tún lọ pọn omi wá sí ulé mi?"

Bàbá rẹ bọ́ ẹ̀wù náà, ó gbé garawa, ó lọ sí odò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wá sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù bá kì í jókòó dáadáa fún fọ́tò, gbogbo ojú tí òun yà lọ́jọ́ náà ló le koko. Nítorí náà, Àkànní, má wọ káàkí lọ bá ènìyàn. Má wọ ohun tó jọ aṣọ ìjọba. Bí wọ́n bá rán ọ lọ sí ilé ọ̀fọ̀, bọ́ ẹ̀wù alápò náà sí ẹnu ọ̀nà, kí o mú fíìmù kan dání, kí o wọlé bí ọmọ ènìyàn. Ìwé ìròyìn yín lè dúró, kí o kọ́kọ́ kí wọn.

Ti iye àpò náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní Ìdó, bàbá rẹ lọ ya ìgbéyàwó. Bí ọkọ àti ìyàwó ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni fíìmù tán nínú kámẹ́rà. Ó na ọwọ́ sí àpò kan, ìyarun ló bá. Ó na ọwọ́ sí èkejì, ó bá bọ́ọ̀bù iná kámẹ́rà. Ó bá okùn, ó bá ìwé, ó bá ẹ̀pà tí èmi fúnra mi dì sí i lápò láàárọ̀. Nígbà tó fi máa rí fíìmù tuntun nínú àpò kẹsàn-án, tọkọtaya ti wọ mọ́tò, mọ́tò sì ti ṣí. Bàbá ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ayàwòrán, ṣé àpò lo wá tú ni, àbí fọ́tò lo wá yà?" Àwọn ará Ìdó pè é ní Túàpò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi, kò dùn mọ́ ọn nínú.

Kí o tó jáde láàárọ̀, di ojú rẹ. Na ọwọ́ sí àpò kọ̀ọ̀kan kí o pe ohun tó wà níbẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Bí o bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, àpò rẹ ti pọ̀ jù. Fíìmù tí o kò tíì lò, ọ̀tún. Èyí tí o ti lò, òsì, má sì yí i padà láéláé, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí ara rẹ kò yá. Má kó owó tàbí kọ́kọ́rọ́ pọ̀ mọ́ gíláàsì kámẹ́rà. Má sì jẹ́ kí ìyá rẹ di ẹ̀pà sí ọ lápò.

Ibi tí àpò wà náà ṣe pàtàkì. Àpò tó fara mọ́ abíyá, òógùn á wọ inú rẹ̀, òógùn sì ń ba fíìmù jẹ́. Àpò ìbàdí ló wá burú jù. Lórí kẹ̀kẹ́, itan á máa tì í sókè tì í sísàlẹ̀, bí ènìyàn bá sì bẹ̀rẹ̀, ohun inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà àtijáde. Àyà ni kí fíìmù wà, níbi tí ojú rẹ ti lè rí i.

Mo ti dé ibi tí n kò fẹ́ dé.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde náà, bàbá rẹ lọ ya fọ́tò ní Ayédé. Ó kọ́kọ́ ya àwọn ìdílé mẹ́ta ní àdúgbò kan, ó fi fíìmù wọn sí àpò àyà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń ra kòkó pè é wá sílé láti ya àwọn ìbejì rẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé, obìnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ní kí ó ya wọ́n ní ìjókòó àti ní ìdúró, kí ó ya wọ́n pẹ̀lú ìyá wọn, kí ó ya wọ́n pẹ̀lú ìyá àgbà. Odidi fíìmù kan ni wọ́n lò tán. Bàbá rẹ kò fẹ́ kí ó dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà ó yà á sọ́tọ̀ sínú àpò kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀. Àpò kọkànlá ni.

Nígbà tó délé, ó bọ́ ẹ̀wù náà sórí àga, ó lọ wẹ̀. Mo gbé e láti gbọn eruku rẹ̀. Ọwọ́ mi wọ inú àpò kọkànlá, ìka mi sì yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òwú tí mo fi gán an ti já. Mo dúró, mò ń wo ìka ara mi. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà ní ẹ̀yìnkùlé. Káyọ̀dé, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo sì rán ìsàlẹ̀ àpò náà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tó wọlé tó wá fíìmù náà, àpò ti dúró digbí. Ó yí i síta, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bóyá orí tábìlì wọn ni mo gbàgbé rẹ̀ sí." Mo ní, "Bóyá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ padà lọ sí Ayédé, ó ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Kò rí i. Nígbà tó dé ilé àwọn ìbejì, gbogbo wọn ti lọ sóko. Ó ní kò burú, bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá pé, òun yóò lọ ṣàlàyé fún wọn, òun yóò sì tún àwọn ọmọ náà yà. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, èéyi ti wọ Ayédé. Táíwò lọ. A kì í la ẹnu sọ ọ́ nípa ìbejì, ìwọ náà mọ̀. Wọ́n sọ fún Kẹ́hìndé pé èkejì rẹ̀ lọ sọ́jà, ó sì ń bi wọ́n lójoojúmọ́ pé ọjà wo ni kò tíì tú. Bàbá rẹ ní òun kò lè gbé ọ̀rọ̀ fíìmù wọ ilé ọ̀fọ̀, ó ní kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ìyá Ìbejì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Bàbá rẹ ti lọ sí ìlú Òsì lọ́jọ́ náà. Fọ́tò àwọn ará àdúgbò wọn ti dé ọwọ́ oníkálukú, wọ́n sì ti rí i.

"Ìyá Káyọ̀dé, ẹ kú uṣẹ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mo wá gba fọ́tò àwọn ọmọ mi ni. Mo fẹ́ máa rí ojú rẹ̀."

Bí mo bá ní ó sọnù, wọn á bi mí bí ó ṣe sọnù. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ dúró níwájú mi, èmi ń ro ti àpò. Ẹnu mi wá sọ ọ́: "Kò jáde."

Nínú iṣẹ́ yín, ohun kékeré ni ká ní fọ́tò kò jáde. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú fíìmù, tàbí oògùn kò ràn án, ẹ ó tún un yà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Ti gbogbo ará àdúgbò jáde?" ni ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ti àwọn ìbejì nìkan ni kò jáde?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "O ti gbọ́ báyìí? Kò jáde. Ó ti múra àtilọ kí ibà tó mú un. Mo sọ fún ọ pé àbíkú ni, o ní èéyi ni."

Ìyá Ìbejì tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, bí ẹni tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n lọ. Mo lè pè wọ́n padà, wọn kò tíì dé ojú títì. N kò pè wọ́n.

Bàbá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọjà kí ó tó délé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tíì gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó ní, "Fíìmù tí a kò fọ̀, báwo la ṣe mọ̀ pé kò jáde?" Ó fẹ́ padà gun kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀ láti lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo di kẹ̀kẹ́ mú. Mo ní bí ó bá lọ sọ pé iṣẹ́ oníbàárà sọnù lọ́wọ́ òun, kò sí ẹni tí yóò pè é mọ́ láti Ayédé títí dé Ìkọ̀lé. Mo sunkún, mo ní kí ó rántí ìwọ àti àbúrò rẹ tó wà níkùn mi. Ó dákẹ́ nítorí mi. Ìdákẹ́ náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó lọ bá Ìyá Ìbejì. Ó ní òun fẹ́ ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì, kí òun so wọ́n pọ̀ sójú kan, bí ẹ̀yin ayàwòrán ṣe máa ń ṣe fún ìbejì tó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Obìnrin náà lé e jáde. Ó ní, "Ṣé kí èyí tó kù náà má baà jáde?" Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya Kẹ́hìndé.

Bàbá rẹ kò wọ ẹ̀wù náà mọ́. Agolo kékeré ló ń kó fíìmù sí, ó ń so ó kọ́ ọrùn. Ìwọ náà mọ agolo náà, ẹ̀yin ọmọ máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Ó máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé aláìbìkítà ni òun, pé òun kì í ṣe ẹni tí a lè fi nǹkan ṣọ́. Bí ó bá ti ń sọ ọ́, èmi a tẹríba sídìí máṣíìnì, n ó máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Òun tó fara balẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀, ó gba ara rẹ̀ gbọ́ ní aláìbìkítà títí dé ojú ikú, èmi tí mo lè fi gbólóhùn kan gbà á sílẹ̀ ni mo ń gbé oúnjẹ fún un. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, Káyọ̀dé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ ní ojú oórì rẹ̀, ṣùgbọ́n oórì kì í fèsì.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí fún ọ ni pé ìwọ náà yóò ṣàṣìṣe. Fíìmù yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ yóò pàdánù ojú tí kò ní padà wá jókòó mọ́. Òwú tí mo gán kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ì bá fi jẹ́ ìtìjú. Ìránpadà tí mo rán an nígbà tí bàbá rẹ ń wẹ̀ ló ba ayé jẹ́. Bí nǹkan bá ya lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí àwọn tó ni ín rí ibi tó ti ya, kí o tó gbé abẹ́rẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ayédé. Ìyá ọkọ náà ti kú. Mo bá Ìyá Ìbejì níbi tó ti ń sá kòkó, ó ti hu ewú. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo bí ṣáájú rẹ̀, ó sì dìde nítorí ẹ̀rù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí aránṣọ tó ti Adó wá. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ó sọnù?" ni ó bi mí nígbà tí mo parí.

"Ó sọnù."

"Kì í ṣe pé kò jáde?"

"N kò mọ̀ bóyá ì bá jáde. A kò fọ̀ ọ́. Àpò tí mo rán ló jò."

Ó padà jókòó, ó ń ṣa kòkó jíjẹrà kúrò nínú èyí tó dára.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi pè mí ní ìyá àbíkú nínú ulé yìí," ni ó wí. "Wọ́n fẹ́ ìyàwó lé mi. Mo fara mọ́ ọn. Ti Kẹ́hìndé ni mi ò lè fara mọ́. Bí ó bá wúkọ́, mo ń wò ó bí ẹni tó ń di ẹrù. Mi ò gbá a mọ́ra rí kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ní ó ń lọ, kí ìfẹ́ rẹ̀ má pọ̀ jù lọ́kàn mi kó tó lọ. Ó ti di ọmọge sí mi lọ́wọ́, Ìyá Káyọ̀dé. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i gbé pọ̀n báyìí?"

Mo sunkún, òun kò sunkún. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. Ó ní Kẹ́hìndé yóò ya fọ́tò náà, yóò sì lọ sí ilé ìwé. Ó ní kò sí ayàwòrán mìíràn tí òun fẹ́ ju ìwọ ọmọ bàbá rẹ lọ. Ó sì ní òun fẹ́ wà níbẹ̀, kí òun fi ojú ara òun rí i nígbà tó bá ń jáde.

Ẹ̀wù rẹ ni mo dì pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Aṣọ aláwọ̀ aró ni, kò jọ ti ìjọba. Àpò mẹ́rin ló ní, méjì lápá ọ̀tún àyà, méjì lápá òsì, kò sí nǹkan kan níbi ìbàdí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni máṣíìnì gba ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, máa ti ìka rẹ bọ̀ ọ́ láràárọ̀, má gba aránṣọ kankan gbọ́, títí kan èyí tó bí ọ. Mẹ́wàá tó kù nínú mẹ́rìnlá rẹ, kí òyìnbó yín máa lò wọ́n.

Bẹ ọ̀gá rẹ, kí o wá ní Sátidé yìí. Oṣù ń parí lọ. Mo ti gbá yàrá òkùnkùn tí bàbá rẹ ti ń fọ fọ́tò, mo ti fọ abọ́ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti wá aṣọ pupa tuntun bo àtùpà. Ìyá Ìbejì yóò dúró tì ọ́ nínú yàrá náà, èmi yóò wà níta, nítorí kò pè mí síbẹ̀. Kí i dáadáa. Má kánjú. Bí ojú Kẹ́hìndé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú omi, sún sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ rí i. Bí ó bá sì bàjẹ́, má sọ fún un pé kò jáde. Sọ fún un pé ìwọ ni o bà á jẹ́.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ dúró.

Èmi ni,
ìyá rẹ.